Ẹ̀rí inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnì kan bá ṣubú lójijì ní ọjà Owódé Ẹ̀gbá tàbí ní ibùdókọ̀ Mowe, tí kò sì dìde mọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó pagbo yí i ká. Èkíní ni pé, "Kò mà ṣàìsàn rárá, àná la ṣì jọ sọ̀rọ̀." Èkejì ni pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni." N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èkíní yẹn, pé kò ṣàìsàn rárá, ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ohun kankan nínú ara olóògbé náà tí ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́? Ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú ara wa lè jẹ́rìí sí ohun tí ń bọ̀ wá bá ọkàn, kí ó tó dé?

Ó ti lé ní 70 ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Níbi tí wọ́n ti ń wá ìdáhùn kiri, wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ènìyàn wa. Ohun tí wọ́n rí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, pàápàá àwa tí a ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ẹni tí a fẹ́ pè ní ẹlẹ́rìí. Ẹ́ńsáìmù ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Àwọn ìyá wa tí ń pọn ọtí bàbà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Wọn a rẹ ọkà bàbà sínú omi, wọn a jẹ́ kí ó hù, wọn a sá a, kí wọn tó lọ̀ ọ́. Èéṣe tí wọn kì í fi lo ọkà tí kò hù? Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ọkà bá ń hù, ẹ́ńsáìmù kan a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀, a sì máa sọ ìyẹ̀fun inú ọkà náà di ohun dídùn. Láìsí adùn yìí, kò sí ohun tí yóò di ọtí. Àpẹẹrẹ mìíràn wà lẹ́nu olúkúlùkù wa. Ẹ bu iṣu sísè sẹ́nu láìfi ọbẹ̀ tàbí epo sí i, ẹ má ṣe tètè gbé e mì, ẹ máa rún un lẹ́nu títí. Láìpẹ́, ẹ ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ju bí ẹ ti bù ú sẹ́nu lọ. Kò sí ẹni tí ó fi ṣúgà sí i. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Bákan náà ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ nínú ara ènìyàn. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, olúkúlùkù ni ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ kì í ti í jókòó sídìí òfì. Bí a bá fẹ́ mọ bí irú òṣìṣẹ́ kan ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà tí ó rọrùn kì í ṣe pé kí a máa kà wọ́n lórí. A ó gbé iṣẹ́ ka iwájú wọn, a ó dá àkókò fún wọn, a ó sì wo iye tí wọ́n ṣe kí àkókò náà tó pé. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, òṣìṣẹ́ pọ̀ nìyẹn. Èyí ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní wíwọn agbára iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù.

Ní ọdún 1954, àwọn dókítà mẹ́ta ní New York, LaDue, Wróblewski àti Karmen, kéde ohun kan tí ó jẹ́ tuntun létí ayé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn ènìyàn tí apá kan nínú ẹran ọkàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù kan tí a ń pè ní transaminase, tí inú ẹran ọkàn jẹ́ ọ̀kan nínú ibùgbé rẹ̀, ti ya wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Bí ògiri ilé bá wó, ẹrù inú yàrá a tú sí gbangba. Láti ọjọ́ náà ni dókítà ti lè fi ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan mọ̀ bóyá ọkàn ni ó ń dun aláìsàn tàbí inú lásán.

Ẹlẹ́rìí yìí ní àbùkù tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ pẹ̀lú ní ẹ́ńsáìmù yìí nínú, nítorí náà bí ẹ̀dọ̀ bá ṣàìsàn, ẹ̀rí kan náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò jẹ́. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ́ńsáìmù mìíràn tí a ń pè ní creatine kinase. Nígbà tí ó di ọdún 2000, àwọn àgbà oníṣègùn ọkàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fẹnu kò pé troponin ni kí a máa wò, èyí tí kì í tilẹ̀ ṣe ẹ́ńsáìmù, ṣùgbọ́n tí irú rẹ̀ tí à ń wọ̀n kì í ti ibòmíràn wá bí kò ṣe inú ẹran ọkàn. Troponin yìí ni àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ń lò títí di òní.

Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan. Gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí, ẹ̀yìn tí ilé ti wó ni wọ́n ń dé. Wọ́n wúlò fún ẹni tí a bá tètè gbé dé ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe ohunkóhun fún ẹni tí ó ṣubú ní ibùdókọ̀. Ohun tí ayé ń wá ni ẹlẹ́rìí tí yóò rí ògiri nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán. Ìwákiri náà ni ó mú àwọn onímọ̀ dé ìdí ẹ́ńsáìmù kan tí orúkọ rẹ̀ gùn gbọọrọ, tí wọ́n fi gé e kúrú sí ACE.

Ìtàn ACE bẹ̀rẹ̀ láti inú kíndìnrín. Ní ọdún 1898, Robert Tigerstedt àti Per Bergman ní ìlú Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden, lọ kíndìnrín ehoro, wọ́n fa omi rẹ̀, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ehoro mìíràn. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ehoro náà bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Wọ́n pe ohun tí ó wà nínú omi náà ní renin. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní ọdún 1934, Harry Goldblatt ní ìlú Cleveland, ní Amẹ́ríkà, fún iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín ajá mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ajá náà sì ru, kò rọlẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn padà sí ọ̀rọ̀ ti ọdún 1898. Ní ọdún 1956, ní Cleveland yìí kan náà, Leonard Skeggs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ACE fúnra rẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní angiotensinogen. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé igi gẹdú. Renin láti inú kíndìnrín a gé igi náà, a mú pákó kan jáde nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pákó yìí kò tíì wúlò fún nǹkan kan. ACE ni yóò wá gé díẹ̀ kúrò ní ìdí pákó náà, tí yóò sì di angiotensin kejì, tí agbára rẹ̀ kò kéré. Òun ni ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, òun náà ni ó ń ránṣẹ́ sí ara pé kí ó má jẹ́ kí iyọ̀ jáde. Bí ènìyàn bá fara gbọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tàbí tí òùngbẹ gbẹ ẹ́ lóko, ètò yìí ni ó ń gbà á là. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ìdí, ẹ̀jẹ̀ a máa ru, ọkàn a máa sán, kíndìnrín a sì máa bàjẹ́.

Ejò ni ó kọ́ ènìyàn bí a ti ń dá ACE dúró. Paramọ́lẹ̀ kan wà ní Brazil tí wọ́n ń pè ní jararaca. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni náà lè já wálẹ̀ lójijì. Ní ọdún 1965, Sérgio Ferreira, ọmọ Brazil, jẹ́ kí ayé mọ ohun kan tí ó rí nínú oró ejò yìí. Ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ John Vane ní London, ibẹ̀ ni a sì ti rí i pé ó ń so ACE lọ́wọ́. Cushman àti Ondetti ní Amẹ́ríkà wo àpẹẹrẹ oró náà, wọ́n fi ọgbọ́n ara wọn ṣe oògùn tí ènìyàn lè gbé mì, láìsí oró ejò nínú rẹ̀. Captopril ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i. Lisinopril, ramipril àti perindopril tí àwọn kan nínú yín ń lò lónìí, àbúrò captopril ni wọ́n.

Nígbà tí oògùn ti dé, ìrètí tún pọ̀ sí i. Bí dídá ACE dúró bá ń mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀, ǹjẹ́ kì í ṣe pé ẹni tí ACE pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni àrùn ọkàn yóò mú? Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé rí i pé iye ACE inú ẹ̀jẹ̀ kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Ẹ̀là kékeré kan wà nínú ohun àjogúnbá wa, tí àwọn kan ní, tí àwọn mìíràn kò sì ní. Àwọn tí kò ní in láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá ni ACE wọn ń pọ̀ jù. Ní ọdún 1992, àwọn kan kéde pé irú àwọn ènìyàn yìí ni ó pọ̀ láàrin àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù ní ilẹ̀ Faransé àti ní Belfast. Òkìkí kàn káàkiri. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ tó, ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ pọ̀. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ nǹkan bí 5,000 ènìyàn tí àìsàn ọkàn ti kọlù wò, wọ́n fi wọ́n wé nǹkan bí 6,000 tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn tó bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa aláwọ̀ dúdú nìyí, nítorí pé ìgbà méjì ni a ti purọ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa.

Irọ́ kìíní ni pé àrùn yìí kì í ṣe wá. Ní ọdún 1929, Dókítà Donnison, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní London pé òun kò rí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn aláìsàn tí òun tọ́jú níbẹ̀. Bóyá òótọ́ ni ó sọ nípa àwọn àgbẹ̀ tí ó rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan sọ ọ́ di òfin fún gbogbo Áfíríkà, pé àrùn ọ̀làjú ni, pé dúdú kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ já irọ́ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Olújìmí Akinkugbe, ọmọ Oǹdó, tí a bí ní ọdún 1933, tí ó sì dolóògbé ní ọdún 2020. Ní Oxford, angiotensin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gan-an ni ó ṣe ìwádìí lé lórí. Ó padà sí UCH ní Ìbàdàn, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Ojo sì kéde ní ọdún 1969 ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ará oko àti ti àwọn ará ìlú ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1972, ó kọ odidi ìwé kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó darí jábọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1997, a rí i pé nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà, nǹkan bí 11 ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé 160 lókè tàbí 95 nísàlẹ̀.

Irọ́ kejì yí padà pátápátá. Nígbà tí a rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ju ti àwọn funfun lọ, àwọn kan ní inú ẹ̀jẹ̀ dúdú ni àbùkù náà wà. Wọ́n tilẹ̀ ní nínú ọkọ̀ ẹrú, àwọn tí ara wọn kì í jẹ́ kí iyọ̀ jáde nìkan ni kò kú lójú òkun, nítorí náà àwọn ọmọ wọn jogún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọdún 1992, Philip Curtin, òpìtàn tí ó mọ ìtàn òwò ẹrú dáadáa, fi hàn pé àwọn àkọsílẹ̀ ìgbà náà kò gbè é lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rí òpìtàn nìkan kò tó. Ó yẹ kí a bi ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó kó àwọn ènìyàn jọ láti ṣe é ni Dókítà Richard Cooper, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ni Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, àti Babátúndé Oṣótìmẹ́yìn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín, tí ó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 2008. Èrò wọn kò lọ́jú pọ̀. Ìran kan náà ni àwọn tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ó wà ní erékùṣù Caribbean, àti àwọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àbùkù wà, kí a bá a níbi gbogbo ní ọgbọọgba.

Wọ́n wọn ìfúnpá ènìyàn tí ó lé ní 10,000, ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, St. Lucia, Barbados àti Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì gbà wọ̀n ọ́n. Ní ilẹ̀ wa, wọ́n dé Ìgbò-Ọrà àti Ìdèrè ní Ìbàràpá, ibi tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe ètò ìlera láti ọdún 1963, tí kò sì jìnnà sí Abẹ́òkúta. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 ni pé nínú 100 àgbàlagbà, àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Caribbean, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Bí a ti ń kúrò lóko bọ̀ sí ìlú, tí a sì ń ti Áfíríkà sọdá òkun, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsanrajù àti iyọ̀ jíjẹ ń pọ̀ sí i. Ìran kò yàtọ̀; ìgbé ayé ni ó yàtọ̀.

Kí wá ni ACE wí? Àwọn onímọ̀ yìí gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ odidi ìdílé, baba, ìyá àti àwọn ọmọ, láàrin àwa Yorùbá níhìn-ín àti láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Maywood. Wọ́n wọn ACE, wọ́n sì wọn angiotensinogen. Ní ọdún 2000, wọ́n kéde pé lára àwọn tiwa, ju ìdajì lọ nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹnì kan àti ẹnì kejì ni ó ti inú àjogúnbá wá. Lára àwọn ti Maywood, ohun tí ó ti inú àjogúnbá wá kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ó lè rú yín lójú pé báwo ni ìran kan náà ṣe lè ní èsì méjì. Ẹ jẹ́ kí a lọ sóko àgbàdo. Bí ẹ bá gbin oríṣiríṣi irúgbìn àgbàdo sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí omi àti ọ̀rá rẹ̀ kò yàtọ̀ síra, tí ẹ bá wá rí àgbàdo tí ó ga ju èkejì lọ, ẹ ó mọ̀ pé irúgbìn ni ó fà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbin irúgbìn kan náà wọ̀nyẹn sórí ilẹ̀ tí a da ajílẹ̀ sí apá kan, tí a kò da sí apá kejì, tí omi sì dúró sí ibòmíràn, ilẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀, kò ní í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn irúgbìn mọ́. Àwọn ènìyàn wa tí a wọ̀n nígbà náà kò sanra, ìgbé ayé wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ní Maywood, sísanra àti oúnjẹ ti di ajílẹ̀ orí ilẹ̀. Ọ̀rá ara fúnra rẹ̀ sì máa ń ṣe angiotensinogen sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bí ènìyàn bá ti ń sanra ni igi tí renin àti ACE yóò là ń pọ̀ sí i.

Ní ọdún 2001, wọ́n tún kéde àbájáde kan láti inú ẹ̀jẹ̀ ará Nàìjíríà 1,343 láti ìdílé 332. Wọ́n yẹ àmì 13 wò nínú àjogúnbá tí ó ń darí ACE. Ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí nìkan tó láti ṣàlàyé 19 nínú 100 ìyàtọ̀ iye ACE tí ó wà láàrin wọn. Nítorí náà a kò lè sọ pé àjogúnbá kò já mọ́ nǹkan kan. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí àjogúnbá náà ń ṣiṣẹ́ lára wọn yìí, àwọn kan náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàrin wọn tó ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Irúgbìn wà nílẹ̀. Ilẹ̀ ni kò tíì gbè é.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó jáde nínú èyí. Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé wíwọn ACE kò tíì di ọ̀nà láti mọ ẹni tí àrùn ọkàn yóò mú. Láti ọdún 1975 ni àwọn dókítà ti ń wọ̀n ọ́n nítorí àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tí ń jẹ́ sarcoidosis, kì í ṣe nítorí ọkàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ olówó gọbọi wá bá yín pé òun yóò fi ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo sọ bí ọkàn yín yóò ti rí lọ́la, ẹ di owó yín mú ṣinṣin. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kò sí ègún kankan nínú ẹ̀jẹ̀ dúdú. Ẹni tí ó bá ní, "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i," ìwádìí tí a fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe ni ó ta kò ó.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà kò yàtọ̀. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà ti kíyè sí i pé bí oògùn tí ń so ACE lọ́wọ́ bá dá nìkan ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ tó ti àwọn funfun. Àwọn kan rò pé kò wúlò fún wa nìyẹn. Ní ọdún 2019, a kéde èsì ìwádìí kan tí a ṣe láàrin aláìsàn 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́fà, tí Nàìjíríà wà lára wọn. Wọ́n rí i pé bí a bá fi perindopril kún amlodipine, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ dáadáa, bákan náà ni amlodipine àti oògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn méjì, kí ó má ṣe yọ ọ̀kan sọnù nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ń lo ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú ọ̀rọ̀ yìí wá sílé. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, abúlé àwọn àgbẹ̀ ni Mowe àti Ìbafo. Ẹsẹ̀ ni a fi ń lọ sóko, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì Ọ̀fàdà àti ẹ̀fọ́ ni oúnjẹ. Lónìí, àwọn ará Èkó ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá ilé ti wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó jókòó níbi iṣẹ́, ó tún jókòó bọ̀ wálé lálẹ́. Oúnjẹ rẹ̀ di ti ẹ̀bá títì, tí iyọ̀ àti magí pọ̀ nínú rẹ̀, tàbí indomie tí a sè kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí bọ̀ ní Ìfọ̀. Ìrìn-àjò tí ó gba àwọn ọmọ ìran wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀, láti Ìdèrè dé Maywood, àwa ń rìn ín láàrin ìran kan ṣoṣo, láìkúrò ní Owódé Ẹ̀gbá. Irúgbìn tí ó sùn lára àwọn bàbá wa lóko, àwa ti ń da ajílẹ̀ sí i.

Kí ni ṣíṣe? Ẹlẹ́rìí tí ó ń rí ògiri nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán ti wà nílẹ̀, kò sì wọ́n. Ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá láti wọn ìfúnpá ni. Ó wà ní àwọn ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn, kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ó bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tí a tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn tí kò yí padà, ó tó ohun tí a ń bá dókítà sọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, orí lè má fọ́, ojú lè má ṣú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ nípa olóògbé pé kò ṣàìsàn rárá. Lóòótọ́ ni kò ráhùn. Ṣùgbọ́n a kò wọ̀n ọ́n.

Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, èyí tí kò ju ṣíbí ìpotíì kan lọ, magí àti iyọ̀ inú búrẹ́dì sì wà nínú ìṣirò náà. Kí a fi sìgá sílẹ̀. Kí a máa rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ láti ilé dé ibùdókọ̀. Kí ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ bá ní àrùn yìí tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wọn tirẹ̀, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti jogún irúgbìn náà. Àwọn ará Ìgbò-Ọrà àti Ìdèrè na apá wọn fún abẹ́rẹ́ kí ayé lè mọ òótọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ wa. Kò ní dára kí àwa tí a bá wọn pín ẹ̀jẹ̀ náà kọ̀ láti na apá tiwa fún ẹ̀rọ tí kò tilẹ̀ gúnni. Bí ẹ bá ń kọjá níwájú ilé-ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yà síbẹ̀.